Ẹsẹ̀ bàtà 200 lókè Àbújá

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa lọ́jọ́ yẹn. Bí táyà bàálù wa ṣe kan ilẹ̀ báyìí ni mo gbọ́ ariwo láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa tó tì pa, ẹnì kan ké pé "Olúwa ṣeun o!", àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọwọ́ bí ẹni wà lóde àríyá. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn orí ètè rẹ̀. Èmi igbákejì awakọ̀ tí mo jókòó lápá ọ̀tún ò lè rẹ́rìn-ín. Mò ń wo ọwọ́ ara mi lórí itan, ó ń gbọ̀n.

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ sì ti mú Àbújá débi pé Òkè Àsó fúnra rẹ̀ pòórá láàárín ìlú. Mi ò tíì pé ọdún kan lórí Boeing 737 nígbà náà. Ó ti pẹ́. Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn kọ́ ni mo wà mọ́, ọ̀gá náà sì ti fẹ̀yìn tì, òun ló jẹ́ kí n lè jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ILS (Instrument Landing System, ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà ìbàlẹ̀) jẹ́, torí àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin ṣì gbà títí dòní pé kọ̀ǹpútà ló ń wa bàálù, pé àwa kàn ń mu tíì níwájú ni. Ẹ̀rọ rédíò méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun rọ́nwè lọ́hùn-ún, òun ló ń sọ fún wa bóyá a ti yà sósì tàbí sọ́tùn-ún. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwè, nítòsí ibi tó yẹ kí táyà ti kan ilẹ̀, òun ló ń sọ bóyá a ga jù tàbí a ti wálẹ̀ jù. Dígírì 3 ló sábà máa ń fi mú wa sọ̀kalẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò ga rárá. Lójú agogo wa, ìyẹn ojú ẹ̀rọ tí à ń wò níwájú, àmì kékeré méjì ni. Bí méjèèjì bá wà láàárín gbùngbùn, ojú ọ̀nà lo wà, ìta ì báà funfun bí ẹ̀kọ.

Ṣùgbọ́n ó níbi tó ń sinni dé. Fún irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní Category I, ẹsẹ̀ bàtà 200 sí ilẹ̀ ni; gíga ìpinnu là ń pè é, "Minimums" sì ni ẹ̀rọ máa ń ké níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ojú ẹ̀dá ni yóò gba iṣẹ́ náà: bí o bá rí iná rọ́nwè tàbí rọ́nwè gan-an, o balẹ̀; bí o ò bá rí i, o fún ẹ́ńjìnnì lágbára, o gbéra padà sókè. Go-around là ń pe ìyẹn. Àwọn irú ILS kan wà tó lè mú ni sún mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń béèrè ohun èlò míì nílẹ̀, òmíràn nínú bàálù, àti ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ fún awakọ̀. Ìtàn tèmi ò kan ìyẹn. A máa ń sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 700 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti ẹsẹ̀ bàtà 200, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 17 ló kù kí ilẹ̀ dé. Ẹ ò lè ka Àdúrà Olúwa tán, àfi tí ẹ bá ń sáré kà á.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, Èkó la ti ń bọ̀ láàárọ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí wọ́n fún wa ká tó gbéra ní èèyàn lè ríran dé mítà 1,000. Èyí tó kéré jù tí òfin fàyè gbà fún irú ìbàlẹ̀ yẹn ni mítà 550 níbi tí ẹ̀rọ bá wà tó ń wọn ojú rọ́nwè, tàbí 800 níbi tí kò bá sí. Ọ̀rọ̀ òfin ò sí níbẹ̀, a lè lọ. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́, torí náà rọ́nwè 04, èyí tó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, la máa bà sí, ìyẹn sì rọrùn fún ẹni tó ti Èkó bọ̀, ọ̀nà tààrà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Ohun kan wà nípa eruku ọyẹ́ tó máa ń tan ojú jẹ. Bí o bá wo ìsàlẹ̀ láti inú bàálù, o ó rí ilẹ̀. Mo rí páànù orí ilé, mo rí ọ̀nà ẹsẹ̀, mo rí agbo màlúù pàápàá. Ọkàn mi balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iwájú ni rọ́nwè wà. Ẹni tó bá ti pọnmi lódò rí á mọ̀ ọ́n: dúró sínú odò kí o wo ẹsẹ̀ ara rẹ, o ó rí òkúta wẹ́wẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, dúró sétí odò kí o wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, dídán omi nìkan lo ó rí. Mítà 1,000 tí wọ́n kà fún wa, ẹni tó dúró sílẹ̀ ló ń rí i. Àwa tí à ń wò ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti òkè, eruku tí ojú wa ń là kọjá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ló ń wa ọkọ̀. Èmi ni mò ń ṣọ́ agogo, tí mò ń ké gíga wa síta. Ẹ̀rọ ké: "Approaching minimums." Mo gbójú sókè. Àwọ̀ tíì oní-mílíìkì ló kún ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ tún ké: "Minimums."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló yẹ kó jáde lẹ́nu ọ̀gá níbẹ̀, "Landing" tàbí "Go around". Kò sọ ọ̀kankan. Yorùbá ló sọ. Ó ní: "Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀."

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọlé. Láti ẹsẹ̀ bàtà 10,000 wá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan là ń sọ, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì; kò sí ìtàn, kò sí àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣì wà lókè, ọ̀gá ti ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ilé tó ń kọ́ sí Abẹ́òkúta fún mi, bí bíríkìlà ṣe jẹ owó rẹ̀, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kìlọ̀ fún un. Ó fi nǹkan bí ọdún 25 jù mí lọ. "Ọmọ mi" ló ń pè mí. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ pé rọ́nwè ń bọ̀, bóyá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni èmi náà ì bá fi fèsì. Bó ṣe bọ́ sí Yorùbá báyìí, mo di ọmọ ilé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò rò pé..." Mo ṣì ń to gbólóhùn náà pọ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ ké "One hundred."

A rí rọ́nwè lẹ́yìn ìyẹn. Apá ọ̀tún wa ló wà. Ọ̀gá yí ọkọ̀ sí i, ó yí i padà, ó ti imú ọkọ̀ sílẹ̀, torí eruku máa ń mú kí rọ́nwè jìnnà lójú, ẹni tó bá sì rò pé òun ṣì jìnnà á rò pé òun ga jù. Ẹ̀rọ ń pariwo "Sink rate", pé a ń yára wálẹ̀ jù. Eré tí ọkọ̀ gbà níbẹ̀ mú un léfòó lórí rọ́nwè, ìgbà tó fi máa kan ilẹ̀, a ti jẹ ọ̀nà púpọ̀, a sì wà lápá òsì ìlà àárín. Rọ́nwè Àbújá gùn tó nǹkan bí mítà 3,600, òun ló gbà wá. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá gbá mi léjìká. "Ìwọ náà ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Mo dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà."

Nínú gbogbo rẹ̀, "ẹ ṣeun" yẹn ló ṣì ń dùn mí jù.

Kì í kúkú ṣe pé wọn ò kọ́ mi. Zaria ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Nigerian College of Aviation Technology. Tíṣà wa máa ń fi nǹkan kan bí etí fìlà gígùn dí wa lójú kí a má rí ìta, agogo nìkan ni kí a máa wò. Bí a bá dé gíga ìpinnu, nígbà míì á ní ká ṣí ojú, rọ́nwè á sì wà níwájú. Nígbà míì á dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, ṣe ni kí o gbéra. Mo rántí ọjọ́ tí mo ń retí pé kó sọ̀rọ̀, tí mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ ní tèmi. Ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ta lò ń dúró dè?"

Àkókò tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni ìjàǹbá bàálù ilé iṣẹ́ Sosoliso ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, DC-9 wọn gbéra ní Àbújá lọ sí Port Harcourt. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀, 61 nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College ní Àbújá tó ń lọ sílé ṣọdún Kérésìmesì. Èèyàn 2 ló yè. Ojú ọjọ́ ò dáa ní Port Harcourt. Nígbà tí ìròyìn àwọn olùṣèwádìí jáde, ohun tí wọ́n pè ní okùnfà rẹ̀ gan-an ni pé àwọn awakọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ kọjá gíga ìpinnu láì tíì rí rọ́nwè tàbí pápákọ̀. Mo ka ìròyìn yẹn. Wọ́n bi mí níbèérè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò, mo gba máàkì. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, èmi náà gbọ́ "Minimums", mo sì ń wá ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ń gbé. Awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n. Bẹ́ńsì 911 ni wọ́n ń wà, obì ni wọ́n ń kó láti Ṣàgámù lọ sí Kánò, wọ́n á gba Ìlọrin, wọ́n á gba Jẹ́bbà àti Mokwa, wọ́n á já sí Kàdúná. Mo lọ kí wọn lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí nínú, mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí dórí pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní nígbà ọyẹ́, bí àwọn bá ń sún mọ́ Odò Ọya ní ìdájí, kùrukùru á bo ọ̀nà débi pé iná ọkọ̀ ò ní kọjá imú ọkọ̀. "Kí n tó kúrò ní Ìlọrin ni mo ti mọ ibi tí màá gbé e sí." Òfin wọn kò ju ọ̀kan lọ: bí wọn ò bá ti rí òpó iná mẹ́ta níwájú, wọ́n á yà kúrò lọ́nà, ó di ìgbà tí oòrùn bá yọ. Mo ní òfin náà dáa. Wọ́n ní mi ò tíì gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn kọ́ ló ń ka òpó. Mọ́tò bọ́ọ̀yì wọn ló ń kà á.

Mo béèrè ìdí.

"Ojú awakọ̀ ń fẹ́ dé Kánò. Alhaji ń retí obì, èmi náà ń retí owó. Bí òpó ò bá sí níbẹ̀, ojú mi á gbé ọ̀kan nàró fún mi. Ọmọ tó jókòó tì mí ò ní owó kankan nínú rẹ̀. Bó bá ti ní 'Bàbá, méjì ni mo rí', mo ti yà nìyẹn. Mi ò tún ní gbójú sókè wò ó."

Wọ́n ní bí àwọn bá wá dúró sí Jẹ́bbà bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ni àwọn máa ń kọ́kọ́ ra ẹja fún kí àwọn tó ra tàwọn, kó má baà rò pé òun ṣẹ̀ nítorí òun dá ọkọ̀ dúró.

Mo pàdé ọ̀gá mi lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, níbi òkú àgbà kan ní Abẹ́òkúta. A jẹun, a rẹ́rìn-ín, ilé náà ti parí. Mo lo àǹfààní ariwo ìlù, mo bi wọ́n léèrè pé ní ọjọ́ báyìí báyìí, nígbà tí ẹ ní ó ń bọ̀, ṣé ẹ rí i lóòótọ́ sà? Wọ́n rántí ọjọ́ náà kíákíá, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu. Wọ́n wo àwo iwájú wọn fún ìgbà díẹ̀. "Mo rí iná kan," wọ́n ní. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Àbí mo rò pé mo rí i."

Ó wù mí kí n sọ pé láti ọjọ́ tí bàbá mi ti sọ̀rọ̀ òpó ni mo ti gbọ́n. Rárá o. Ní ọdún 2017, wọ́n ti rọ́nwè Àbújá fún àtúnṣe láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, gbogbo wa sì di ará Kàdúná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èrò á sọ̀ ní Kàdúná, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àbújá. Èmi náà ti di ọ̀gá awakọ̀ nígbà yẹn, apá òsì ni mo ń jókòó. Ọ̀sán kan báyìí, mo pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ọkàn mi wà lórí pé a ti pẹ́ lẹ́yìn àkókò. Bí a bá dé ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilẹ̀, ó ti yẹ kí gbogbo nǹkan ti dúró sí àyè rẹ̀: táyà ti jáde, eré ti wà níbi tó yẹ, ọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, go-around ni, oòrùn ì báà ràn, rọ́nwè ì báà máa dán níwájú rẹ bí abọ́ tuntun. Eré tèmi fi nǹkan bí nọ́ọ̀tì 25 (òun la fi ń wọn eré bàálù) kọjá ibi tó yẹ kó wà. Mo rí rọ́nwè kedere. Mo balẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣe wá. Ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún mi. Ó gbé e kúrò lórí itan díẹ̀, ó tún dá a padà. Mo mọ ohun tó ń wá. Gbólóhùn tí mo wá tì lọ́jọ́ kìíní àná ni òun náà ń wá, ó sì ti di èmi ni bàbá tí kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún.

Ìwádìí kan wà tí Flight Safety Foundation, àjọ tó ń rí sí ààbò ìrìnnà bàálù, ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó fi hàn pé nínú 100 ìsọ̀kalẹ̀ tí nǹkan ò dúró sí àyè rẹ̀, nǹkan bí 3 péré ni awakọ̀ ti máa ń gbéra padà. Mo ti ka iye yẹn tipẹ́, mo máa ń mi orí sí àwọn awakọ̀ ayé. Ní Kàdúná mo rí ara mi láàárín àwọn 97.

Láti ìgbà náà, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ síta fún ẹni tó bá bá mi jókòó. Mo ní: bí ẹ̀rọ bá ní "Minimums", tí o mí ẹ̀ẹ̀kan tí o ò gbọ́ "Landing" lẹ́nu mi, ìwọ ni kí o sọ "Go around". Kò kàn ọ́ bóyá rọ́nwè wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí mo bá dákẹ́, go-around ni. Bí mo bá wúkọ́, go-around ni. Bí mo bá sọ Yorùbá, kí o má tilẹ̀ mí rárá. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín síbi Yorùbá yẹn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rín in tán, màá tún un sọ.

Mo fẹ́ràn èdè mi, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi máa fi "o" pe ẹni tó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n níbi ẹsẹ̀ bàtà 200, ohun tí mo rí nínú Gẹ̀ẹ́sì ni pé "Go around" ò ní "ẹ", kò ní "o". Ẹni ọdún 24 lè sọ ọ́ sí ẹni 58 láì rí i fín. A ti fẹnu kò lórí rẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí ara tutù, torí náà ẹni tó sọ ọ́ ò pàṣẹ fún àgbà, àdéhùn àgbà ló ń rán an létí.

Oṣù kìíní tún dé ní ọdún kan, ọyẹ́ tún mú. Ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ló bá mi jókòó, kò pẹ́ tó dé ẹnu iṣẹ́. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ epo ló kọ́kọ́ gbà wá lákòókò. Bí a ò bá rí Àbújá bà sí, ibo la ń lọ? Kàdúná ò jìnnà sí i, Kánò wà lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ eruku kan náà ló máa ń bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà òjò yàtọ̀. Ìjì Àbújá kì í pẹ́, ẹni tó bá lè dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè ti kọjá lọ. Bàálù ilé iṣẹ́ ADC tó gbéra nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀ ní Àbújá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006 ò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lókè kó tó já, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó bá a lọ. Eruku ọyẹ́ ò ní kánjú bẹ́ẹ̀, ó lè jókòó sórí ìlú fún ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà mo ní kí wọ́n fún wa ní epo tó máa gbé wa dé Àbújá, tó máa gbé wa padà sí Èkó, tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí òfin ní a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn á ṣì kù nínú rẹ̀, mo sì fi díẹ̀ lé e fún ìdúró. Ọkọ̀ wa ń jẹ epo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2.5 ní wákàtí kan. Ẹni tó ń ṣe ìwé ẹrù wò mí bíi pé mo ní kó bù ú nínú àpò ara rẹ̀.

A dé òkè Àbújá. Mítà 800 ni wọ́n kà fún wa, a tẹ̀ lé ILS. Ohun gbogbo dúró déédéé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Ní 400, ojú mi ti kúrò lórí agogo, ó ń wá iwájú. Mo rí iná funfun kan. Mo rí i dáadáa. "Minimums." Mo fẹ́ rí èkejì kí n tó sọ̀rọ̀, ẹnu mi ti là sílẹ̀.

"Go around."

Ohùn rẹ̀ ò ga. Ọwọ́ mi tẹ bọ́tìnì kí orí mi tó gbọ́, mo sì gbọ́ ara mi tí mò ń dá a lóhùn pé "Go around, flaps fifteen." Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ọkọ̀ á ṣì rì díẹ̀ kó tó gòkè, ìdí nìyẹn tí èèyàn ò fi gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá hàn. Lẹ́yìn náà imú gbé sókè, ó ní "Positive rate", mo ní "Gear up", gbogbo rẹ̀ sì lọ bí a ṣe ń kọ́ ọ.

Nígbà tí a dókè tí ara rọ̀, mo bi í pé kí ló rí. Ó ní, "Mi ò wo ìta, sà. Mi ò gbọ́ 'Landing' ni." Mo ronú sí iná funfun mi. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ títí dòní. Ó lè jẹ́ iná rọ́nwè, ó lè jẹ́ ọkọ̀ kan lójú títì. Ó lè jẹ́ òpó tí bàbá mi sọ.

A yípo lókè fún ogún ìṣẹ́jú. Ìròyìn tó tẹ̀ lé e wálẹ̀ sí mítà 600, kò sì tún dìde. Láàárín ìgbà tí à ń yípo yẹn ni bàálù ilé iṣẹ́ míì wọlé, ó sì balẹ̀. A gbọ́ ọ lórí rédíò. Èyí ni ibi tó le jù nínú iṣẹ́ yìí, ó le ju àṣìṣe tí èèyàn ṣe fúnra rẹ̀. Bóyá eruku là díẹ̀ fún wọn, bóyá wọ́n rí ohun tó yẹ kí wọ́n rí. Èmi ò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò mí, mo wo agogo epo, mo ní ká máa lọ sí Èkó.

Mo gbé máìkì, mo sọ fún èrò pé a ò rí rọ́nwè, pé a ní epo tó, pé Èkó la ń padà sí. Mi ò fi oyin sí i. Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń sọ̀, torí mo gbà pé ẹni tó bá dá ọkọ̀ padà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá fi fóònù rẹ̀ hàn mí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ kejì ti dé Àbújá. "Wọn ò wa ọkọ̀ jù yín lọ, ẹ̀rù ló ń bà yín." Mo ní ẹ má bínú, sà. Ìyá àgbàlagbà kan tẹ̀ lé e, gèlè ti wà lórí wọn tán láti òwúrọ̀, ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn ni wọ́n ń lọ. Wọ́n dúró níwájú mi, wọ́n ní, "Ọ̀nà ni ẹ ò rí, àbí?" Mo ní a ò rí i, mà. Wọ́n ní, "Hẹn." Wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ọ́fíìsì béèrè ìwé, mo kọ ọ́. Epo tó ṣòfò, èrò tí wọ́n ní láti dá owó padà fún, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà sí mi létí, wọn ò sì sọ pé mo jẹ̀bi, wọn ò sì sọ pé mo jàre.

Lálẹ́, mo pe bàbá mi. Etí wọn ti ń di báyìí, ṣe ni mo ń pariwo nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti iná funfun, ti ọkọ̀ kejì tó balẹ̀, ti ọkùnrin alágbádá. Wọn ò sọ nǹkan kan lórí ọkùnrin yẹn.

"Ta ló ka òpó?"

Mo ní ọmọbìnrin kan ni, ará Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ṣé o ti ra ẹja fún un?"